Àtùpà Tí Ọrùn Rẹ̀ Kò Dúró

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ wà ní òdìkejì títì, ó dojú kọ tirẹ̀ gan-an, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú mi tàbí etí mi kì í tó. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé mi. Yóò dúró sẹ́yìn àga, yóò fi ọwọ́ kan di orí oníbàárà mú, ọwọ́ kejì yóò máa ti ẹ̀rọ ìgẹrun lọ, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn á máa fọwọ́ gbá itan. Àwọn tó ti gẹrun tán pàápàá kì í fẹ́ dìde lọ. Ọ̀rọ̀-Kì-í-Tán ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn kan kò mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ọ̀rọ̀-Kì-í-Tán yìí kan náà ni yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, yóò wọlé, yóò ní "Ẹ kú ilé," yóò jẹun, yóò jókòó sórí àga rẹ̀, yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí mo bá bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, á ní, "Kò sí." Bí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, á ní, "Hùn-ún." Èmi tí mo fi ojú ara mi rí àwọn èèyàn tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "kò sí" ló ń gbé wá fún èmi nílé.

N kò ní purọ́, mo ń jowú. Kì í ṣe obìnrin kankan ni mo ń jowú, orí àwọn èèyàn ni. Mo ń jowú orí ńlá, mo ń jowú orí kékeré, mo ń jowú orí apárí tó kàn wá fá irùngbọ̀n. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti ọkọ tèmi, ìpàkọ́ ló wà.

Nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí ariwo wọn kún gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn wa ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ, ilé wá ku èmi àti ọkùnrin tó ń sọ "hùn-ún." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ̀rọ kò lè bá mi ṣe, bíi kí n ká etí aṣọ, kí n rán bọ́tìnì mọ́ ọn, kí n tú òwú tí ọmọṣẹ́ bá rán wọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó kéré tán, obìnrin tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní rédíò, rédíò náà sì máa ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi ṣàkíyèsí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí n kì í tètè wálé mọ́. Kí ni kí n wí? Ṣé kí n sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni mo ń sá fún? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní iná pálọ̀ wa kò dára fún ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, pé òkè àjà lọ́hùn-ún ló wà, bí mo bá sì ti tẹrí ba báyìí, òjìji orí mi á bo aṣọ tí mo ń rán. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni òótọ́ tó ń dùn mí.

Kò mú ọ̀rọ̀ náà ní kékeré. Kò ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ tó fi wálé pẹ̀lú ìròyìn pé oníbàárà òun kan ti júwe ibi tí wọ́n ti ń ta àtùpà fún òun, àwọn àtùpà gíga tó ń dá dúró nílẹ̀, tí wọ́n ṣe bí irú èyí tó wà ní pálọ̀ àwọn èèyàn nígbà tí àwa ṣì wà lọ́mọdé. Ó ní ẹ̀yìn àga mi ni a ó gbé e sí. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ kí o máa wálé." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú pálọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó sì wọ̀ mí lára. Mo gbà pé kí a lọ. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé àtùpà wo ni yóò la ọkùnrin yìí lẹ́nu?

Òkè ilé tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní òpópónà tóóró kan. Àtùpà ló kún gbogbo ibẹ̀, ó kù díẹ̀ kí a má rí ibi tẹsẹ̀ sí. Òmíràn fi ẹsẹ̀ igi mẹ́ta dúró. Òmíràn jẹ́ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, ó dé fìlà aṣọ tí òwú wínníwínní ń mì dirodiro létí rẹ̀. Àwọn kan ní okùn kékeré tí èèyàn yóò fà kí iná tó tàn. Ọ̀dọ́bìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣàlàyé fún wa pé tuntun ni gbogbo wọn, àwòrán àtijọ́ ni wọ́n kàn gbé wọ̀ wọ́n: gílóòbù òde òní ló wà nínú, ara òde ló dàgbà. Ọkọ mi ní ó yé òun dáadáa, pé òdìkejì àwọn oníbàárà òun tó ń pa irun láró ni. Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi dúró, mò ń wò wọ́n. Ó tún ti rí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún.

Kíá ló ti mú èyí tó ga jù nínú wọn. Ó dúró tì í, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní èyí ló ní láárí. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé àga wá. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin náà fa okùn, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà sì gún mi lójú ṣánṣán. Fìlà rẹ̀ ga ju orí ẹni tó jókòó lọ, gbogbo inú rẹ̀ ni mò ń rí.

"Bàbá wa," mo ní, "ẹni tó dúró lẹ ń ra àtùpà fún. Ẹni tó máa lò ó, ṣe ló máa jókòó."

Níwájú àwọn èèyàn, mo máa ń fi "ẹ" bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Nínú ilé, àwa méjèèjì ti mọ ara wa. Kò bínú. Ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀, pé láti àárọ̀ ọjọ́ òun, orí ẹni tó bá jókòó ni òun ń rí, òun kì í rí ohun tí ojú wọn ń rí. Ó dá ìyẹn padà, ó sì mú òmíràn wá. Mo jókòó, mo yọ abẹ́rẹ́ àti ègé aṣọ kékeré tí mo mú lọ́wọ́, mo sì gbìyànjú rẹ̀. Èyí kò mọ́lẹ̀ tó. Èyí sọ aṣọ àwọ̀ ewé di àwọ̀ ilẹ̀. Èyí dára, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ bí ẹni tó sùn gbalaja.

A ṣe bẹ́ẹ̀ dórí ọ̀kan tó ní ọrùn. Idẹ ni òpó rẹ̀, ó ga níwọ̀nba, òkè rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrùn lékeléke, fìlà rẹ̀ tó ní àwọ̀ oyin kọjú sílẹ̀. Ọkọ mi gbé e sẹ́yìn mi. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ ọwọ́ mi wẹ́rẹ́, kò kan ojú mi rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yin ín lọ́wọ́, fìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba díẹ̀ díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lórí aṣọ tó lọ sí èjìká mi. Ọkọ mi na ọwọ́, ó gbé e sókè. Ó tún wálẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó sì dì í mú síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì sinmi lórí ẹ̀yìn àga mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ohun tó rán an létí. Mo kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí mi, ohùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, èyí tí mo máa ń gbọ́ láti òdìkejì títì. Ó ní tíṣà kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú fọ́tò ara rẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́ dání, ó ní kí òun gẹ irun tíṣà bó ṣe rí nínú rẹ̀. Òun wo fọ́tò, òun wo orí, òun tún wo fọ́tò. Òun wá ní, "Ọ̀gá, irun inú fọ́tò yìí ti fẹ̀yìn tì." Tíṣà ní, ṣé kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ni? Ẹ̀rín pa mí débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó bá mi wá a, ó tún gbé àtùpà sókè, ó tún mú òmíràn jáde.

Èmi jókòó síbẹ̀, ojú mi wá là. Ọdún wo ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, tí n kò sì mọ̀! Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó délé. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó sọ̀rọ̀ ni. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìdúró, lẹ́yìn ẹni tó jókòó, pẹ̀lú ohun kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́. Bí ẹ bá mú un jókòó, tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba ẹnu rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò mọ ohun tí ń lọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí a má bínú, nọ́ọ̀tì, irin kékeré tó di ọrùn àtùpà yẹn mú, ló tú, ọ̀kan ṣoṣo ló sì kù nínú irú rẹ̀. Bí a bá lè fi í sílẹ̀ di ọ̀la, ẹni tó ń bá òun tún wọn ṣe yóò dè é pa, kò ní mì mọ́. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, kí a padà wá lọ́la. Mo ní rárá, mò ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní kí ló dé tí èèyàn yóò fi gbé aláìsàn lọ sílé nígbà tí dókítà ń bọ̀? Mo ní àwọ̀ fìlà rẹ̀ bá kọ́tìnì tí mo rán sí pálọ̀ mu, ọkàn mi kò sì ní balẹ̀ bí mo bá fi í sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá rà á. Ó mọ̀ pé bí èmi aránṣọ bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn. Ó gbé e, ó ń kùn lábẹ́nú pé òun kò rí irú èyí rí.

A gbé e sẹ́yìn àga mi ní pálọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó iṣẹ́ ọwọ́ mi wálé. Ọkọ mi á jẹun, á lọ jókòó sórí àga rẹ̀, á dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èmi náà á máa rán aṣọ mi lọ, n kò ní sọ nǹkan kan. Kò ní pẹ́ tí fìlà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Màá ní, "Ó ti ń tòògbé o." Á dìde, á wá dúró sẹ́yìn mi, á gbé e sókè, á sì dì í mú kó má baà tún wálẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbádùn ara mi. Kí n má fi bò, mo gbádùn ara mi ju ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra lọ. Ó sọ ti ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ pè lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń gẹrun rẹ̀ lọ́wọ́, tó ní ibi iṣẹ́ ni òun wà. Ìyàwó bi í pé ariwo kí ni ń dún yẹn, ó ní ẹ̀rọ ni. Ọkọ mi ní kò kúkú purọ́. Èmi náà sọ ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó ní kí n fún ẹ̀wù òun níbàdí, tó tún padà wá bú mi pé òun kò lè mí. Kò sọ "hùn-ún." Ó bi mí pé kí ni mo fi dá a lóhùn, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ délẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Ìrọ̀lẹ́ kan wà tó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí fìlà àtùpà, tó ní lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn wa lọ, òun ti ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀ lọ́sàn-án, òun wá sílé, òun ṣí yàrá rẹ̀, òun dúró sáàárín ilẹ̀, òun kò sì mọ ohun tí òun ń wá. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Èmi tí mo rí i tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tí mo rí i tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, mo rò pé kò dùn ún. Mo ti bá a bínú nítorí rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi náà ṣì ń fọ aṣọ ibùsùn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sùn sórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó kù kan èjìká mi. A dákẹ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò jọ ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ju nọ́ọ̀tì yẹn lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọkọ mi, kì í lè wo ohun tó bàjẹ́ kó má tún un ṣe. Àga tó bá ń dún, kò ní sùn kó tó kan ìṣó mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wo ọrùn àtùpà yìí, tí yóò sì dè é pa, tí yóò padà lọ jókòó. Bí ó bá sì jókòó, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà tí mò ń dúró dè ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá mọ́, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ilẹ̀kùn ọkọ mi ti wà ní títì. Mo rò pé ó jáde lọ ra nǹkan ni. Nígbà tí mo délé, mo gbọ́ ìró omi láti bálùwẹ̀. Ó ń fọ ọwọ́. Mo wo pálọ̀. Irin kékeré tó fi ń tú ẹnu ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ wà lórí àga mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà.

Mo fi ọwọ́ kan fìlà náà, kò mì. Mo tì í sílẹ̀ díẹ̀, ó le koko bí ọrùn alágídí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́. Mo gbé àpò iṣẹ́ mi, mo fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí mi débi pé n kò rí ibi tí bàtà mi wà. Mo tún ronú pé tí mo bá lọ, kí ni màá sọ pé ó lé mi lọ lọ́tẹ̀ yìí? Iná ti dára. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tó jáde, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó wò mí, ó wo àpò ọwọ́ mi, ó wo irin orí àga. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò jẹ́ kó sọ ọ́.

"Kì í ṣe iná ló ń dá mi dúró sí ṣọ́ọ̀bù," mo ní. "Ìwọ ni. Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ohùn rẹ láyé yìí àfi èmi. Bí o bá dúró lẹ́yìn mi ni mo ń ní ọkọ, bí o bá jókòó, mo di opó. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn tú kí n tó rà á. Nítorí pé ó tú ni mo ṣe rà á. O wá ti dè é báyìí, ó ti parí."

Ó dákẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti padà sí ìwà rẹ̀. Ó rìn wá, ó gbé irin kékeré náà lórí àga mi, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀.

"Ọjọ́ kejì tí a gbé e délé ni mo ti kọ́kọ́ dè é," ó ní. "Àárọ̀ kùtù, o ṣì ń sùn. Láràárọ̀ ni mo ń dè é, kó má baà já lulẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan nílé."

Kò yé mi. Mo ní bó bá ń dè é láràárọ̀, báwo ló ṣe ń tẹrí ba nírọ̀lẹ́?

"Mo máa ń sáré wálé ṣáájú rẹ wá tú u," ó ní. "Òní lo tètè dé, n ò tíì tú u. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa pè mí dìde?"

Mo gbé àpò ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọkọ mi sún mọ́ ọrùn àtùpà, ó fi irin rẹ̀ sẹ́nu nọ́ọ̀tì, ó tú u lójú mi, díẹ̀ péré, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó fa okùn, iná tàn, ó sì bọ́ sẹ́yìn àga mi, ó ń dúró kí n wá jókòó.